Bí Òpójẹ̀ Ṣe Ń Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Dí Ara Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi òpójẹ̀ tó dí wé páìpù omi tí ìdọ̀tí lẹ̀ mọ́. Àfiwé yìí kò tó. Páìpù kò lẹ́mìí. Òpójẹ̀ wà láàyè, bí nǹkan bá sì pa á lára, á gbìyànjú láti tún ara rẹ̀ ṣe. Inú àtúnṣe yìí gan-an ni apá tó pọ̀ nínú àrùn náà ti ń wá, bí àpá ṣe máa ń wú ju ojú egbò lọ lára àwọn kan tí wọ́n bá lu etí.

Níbi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú òpójẹ̀, ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló tẹ́ síbẹ̀ bí ẹní. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan wà, tí wọ́n ń fún òpójẹ̀ pọ̀, tí wọ́n sì ń dẹ̀ ẹ́. Bí ara bá le, wọn kì í sábà pọ̀ sí i, nítorí ẹní yẹn ń tú èròjà bíi nitric oxide jáde, èyí tó ń mú wọn dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá, ìtọ̀ ṣúgà àti cholesterol, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, tó pọ̀ jù ló ń ba ẹní náà jẹ́. Tó bá ti bàjẹ́, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ á wọnú ògiri, platelet, ìyẹn àwọn ẹyọ wínníwínní tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, á lẹ̀ mọ́ ojú ibẹ̀, wọ́n á sì tú èròjà amúdàgbà sílẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà rí èyí dùn mọ́ni. Ní 1974, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Russell Ross àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Seattle, Amẹ́ríkà, ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì iṣan tí wọ́n yọ lára òpójẹ̀ ọ̀bọ. Bí wọ́n bá bu omi ara ẹ̀jẹ̀ tó ti dì sí i, sẹ́ẹ̀lì á máa pọ̀. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ yọ platelet kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ náà, agbára káká ni wọ́n fi ń pọ̀. Èròjà amúdàgbà tó wà nínú platelet yìí ni wọ́n wá ń pè ní PDGF (platelet-derived growth factor).

Tí PDGF bá ti pè wọ́n, àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan á pa iṣẹ́ fífún àti dídẹ̀ tì, wọ́n á rìn wá sí ìpele inú, wọ́n á máa pín sí méjì-méjì, wọ́n á sì máa hun okùn collagen. Ògiri á nípọn, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á há. Síbẹ̀, ẹ má ṣe pè wọ́n lọ́tàá: àwọn náà ló ń hun ìbòrí tó bo ọ̀rá inú ògiri. Bí ìbòrí náà bá fẹ́lẹ́ tó sì ya, ẹ̀jẹ̀ á dì síbẹ̀ lójijì, ọkàn lè dáṣẹ́ sílẹ̀.

Àwọn oníṣègùn fojú ara wọn rí agbára ìdàgbà yìí. Andreas Gruentzig fi bàlúùnù la òpójẹ̀ ọkàn ní Zurich ní 1977, ṣùgbọ́n bàlúùnù fúnra rẹ̀ ń dá egbò sílẹ̀. Lára nǹkan bí ẹnì kan nínú aláìsàn mẹ́ta, ọ̀nà náà tún ń há láàárín oṣù mẹ́fà. Wọ́n fi irin oníhò tí wọ́n ń pè ní stent gbé e dúró. Sẹ́ẹ̀lì gba ojú ihò hù wọlé. Ní ìparí 1999, ní São Paulo ní Brazil, ikọ̀ Eduardo Sousa fi stent tí wọ́n fi sirolimus kùn sínú òpójẹ̀ aláìsàn. Oògùn yìí, tí wọ́n rí lára kòkòrò bakitéríà inú iyẹ̀pẹ̀ erékùṣù Rapa Nui, ń dá pípín sẹ́ẹ̀lì dúró, híhá náà sì dínkù gan-an.

Ṣùgbọ́n oògùn náà kò mọ sẹ́ẹ̀lì iṣan yàtọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì ẹní. Ó ń fa ọwọ́ ẹní náà sẹ́yìn pẹ̀lú, irin á sì wà níhòòhò fúngbà díẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ lè dì lé e. Ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi ń lo aspirin àti oògùn mìíràn tó ń ká platelet lọ́wọ́ kò fún oṣù púpọ̀, tí dókítà sì ń kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀.