Kí wọ́n tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ yín ń ru

Kíákíá kọ́ là ń wọn bípí, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn nínú ara. Ẹni tó gun ọ̀kadà láti Tákíè, tó sáré wọlé, tó sì na apá sí wa kó tó mí délẹ̀, nọ́ńbà ìsáré ni yóò rí. Ẹlòmíràn ti torí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn tí kò tọ́ sí i, ẹlòmíràn sì ti torí rẹ̀ kọ oògùn tó yẹ kó lò, ó ní ẹ̀rọ ń parọ́.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Láti 1907 ni àwọn Onítẹ̀bọmi ti ń ṣe ìwòsàn nílùú yìí. Lónìí, Yunifásítì LAUTECH ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn, Yunifásítì Bowen náà ní. Ibi tí a ó ti wọn bípí kò wọ́n wa. Ọ̀nà tí à ń gbà wọ̀n ọ́n ló ń dùn mí.

Ẹ kọ́kọ́ lọ tọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, ẹ má gbé ọ̀kan lé èkejì. Ẹ gbé apá lé tábìlì kó bá àyà dọ́gba, torí apá tó bá rọ̀ sísàlẹ̀ máa ń gbé nọ́ńbà sókè. Ẹ má wé aṣọ ẹ̀rọ tó ń fún apá mọ́ orí bùbá. Bí apá yín bá tóbi, ẹ béèrè èyí tó fẹ̀; èyí tó bá há yóò fi nọ́ńbà kún nọ́ńbà. Obì, kọfí, sìgá, àti àwọn ohun mímu tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àdúgbò Under-G fi ń lé oorun lọ, ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn wọn kí a tó wọn bípí.

Ẹ má sì sọ̀rọ̀. Èyí ló nira jù fún wa. Ẹ̀rọ ti ń fún apá, ìyá ṣì ń kí mi, wọ́n ń béèrè àwọn ọmọ, fóònù dún, wọ́n gbé e. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan tó láti mú kí nọ́ńbà gòkè.

Nọ́ńbà òkè ni agbára ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọkàn bá tì í jáde. Ti ìsàlẹ̀ ni ìgbà tí ọkàn bá dẹwọ́. Bó bá dé 140 lórí 90, a ó tún un wọ̀n, a ó sì ní kí ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn kí a tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ṣùgbọ́n bó bá dé 180 lórí 120, tí àyà ń dùn yín, ojú ń ṣú, tàbí apá kan ara kò lágbára mọ́, ẹ má dúró de ọ̀la o, ilé ìwòsàn tààrà ni.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ru ni ara kì í ro rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ ti wà lórí oògùn: ẹ má dá a dúró nítorí pé ara ti yá. Bí amlodipine, ọ̀kan nínú àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, bá mú ọrùn ẹsẹ̀ wú, ẹ sọ fún dókítà, oògùn mìíràn wà.

Wọ́n sábà máa ń bi mí bóyá kí wọ́n fi àmàlà sílẹ̀. Àmàlà kò níyọ̀. Inú ọbẹ̀ ni iyọ̀ wà, nínú magí àti ẹja oníyọ̀. Gíráàmù 5 lóòjọ́, bíi ṣíbí ìmutíì kan, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá, magí wà nínú ìṣirò náà.

Ohun tí ènìyàn kì í fura sí ni oògùn ara ríro. Ibuprofen àti diclofenac tí ẹ ń rà ní kẹ́mísì lẹ́yìn iṣẹ́ oko lè gbé bípí sókè, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá kan, àti oògùn àti àgbo, ẹ gbé e wá kí a jọ wò ó.