Ẹ̀wà Oko àti Ẹ̀wà Igbó: Ọ̀nà Tí Àbùdá Ń Gbà Kọjá

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń bi mí jù lórí ẹ̀wà GMO, ìyẹn ẹ̀wà tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà, ni pé ṣé kò ní ṣe ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní nǹkan. Ìbéèrè náà ní àyè tirẹ̀, àmọ́ òun kọ́ ló ń gbà mí lọ́kàn. Èyí tó ń gbà mí lọ́kàn ni bóyá àbùdá tí wọ́n fi sí i lè kọjá sára ẹ̀wà kan tí ẹnikẹ́ni ò gbìn, tó ń hù fúnra rẹ̀ létí oko àti lẹ́bàá títì ní ilẹ̀ ọ̀dàn, títí dé ilẹ̀ Hausa lọ́hùn-ún.

Ẹ̀wà igbó nìyẹn. Ẹ já èso rẹ̀ kan wò: ó kéré, ó dúdú, ara rẹ̀ ń há lọ́wọ́. Tó bá gbẹ tán, oòrùn ọ̀sán á mú un là pàá, á sì fọ́n hóró rẹ̀ ká. Èèpo hóró náà le débi pé omi kì í tètè wọ̀ ọ́, torí náà ó lè wà nínú ilẹ̀ fúngbà pípẹ́ kó tó hù. Ẹ̀wà tí à ń sè jẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀: èèpo tirẹ̀ rọ̀, èso rẹ̀ sì máa ń dúró de olóko. Síbẹ̀, ìbátan ni wọ́n, Vigna unguiculata ni àwọn onímọ̀ ń pe méjèèjì. Bí lẹ́búlẹ́bú òdòdó èyí bá bà lé tọ̀hún, wọ́n á bímọ, ọmọ náà á sì bímọ. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń kọ̀wé nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ létí oko ní Nàìjíríà, èyí tí kò jọ ẹ̀wà oko tán, tí kò sì jọ ti igbó tán. Nígbà yẹn, kò tíì sí ẹ̀wà GMO rárá.

Ẹ̀wà GMO tiwa ni SAMPEA 20-T. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IAR ní Zaria, àjọ AATF tó ń mú ìmọ̀ ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Áfíríkà, àti ilé ìwádìí CSIRO ti ilẹ̀ Ọsirélíà ló jọ ṣe é. NBMA, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ GMO, fọwọ́ sí i ní oṣù January 2019, ó sì dé ọwọ́ àgbẹ̀ ní 2021. Kòkòrò Maruca ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Ọmọ àfòpiná kan ni, òdòdó ẹ̀wà ló ń jẹ, ó sì ń wọnú èso tútù lọ jẹ hóró. Ní ọdún tó bá le, ó lè kó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún irè lọ. Àgbẹ̀ á wá máa fín oògùn nígbà mẹ́fà sí mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré tó fún ẹ̀wà tuntun yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì yẹn kò ṣeé yọ o. Apilẹ̀ àbùdá tí wọ́n fi sí i ń mú kí ẹ̀wà náà ṣe májèlé tó ń pa Maruca, Cry1Ab ni wọ́n ń pè é, àmọ́ kò rí nǹkan kan ṣe sí àwọn kòkòrò kéékèèké tí ń fa omi ewé, tàbí sí èyí tí ń lu ẹ̀wà nínú àpò. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀wà yìí kò nílò oògùn mọ́, ó ń tan yín ni.

Kí ló dé tí wọn ò wá ẹ̀wà tó lágbára sí Maruca nínú ẹ̀wà gan-an? Wọ́n wá a. Oríṣi ẹ̀wà tó lé ní 15,000 ló wà ní ibi ìpamọ́ irúgbìn ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn, kò sì sí èyí tó kojú kòkòrò náà dáadáa. Ara ìbátan tó jìnnà kan, Vigna vexillata, ni wọ́n ti rí agbára yẹn. Wọ́n gbìyànjú títí láti mú un bá ẹ̀wà oko bímọ, kò gbà. Ìbátan tí à ń bẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ìbátan létí oko tí ẹnikẹ́ni ò pè ló ń wá fúnra rẹ̀.

Àmọ́ kì í yára wá. Àárọ̀ kùtù ni òdòdó ẹ̀wà ń ṣí, kí ọ̀sán tó pọ́n ó ti pa dé, kò sì ní ṣí mọ́. Kó tó ṣí rárá, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ti bọ́ sórí abo tirẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú náà wúwo, ó ń lẹ̀, afẹ́fẹ́ ò lè gbé e. Àfi àwọn oyin, pàápàá àwọn dúdú ńláńlá tó máa ń dá ihò sára igi, tí ara wọn wúwo tó láti tẹ òdòdó náà kó là. Fún ìdí yìí, nínú ọgọ́rùn-ún hóró, èyí tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹ̀wà mìíràn sábà máa ń jẹ́ ìwọ̀nba, nígbà míì kì í pé ẹyọ kan. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni koríko pápá golf tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀: ní 2004, àwọn onímọ̀ kéde pé àbùdá rẹ̀ ti dé ara koríko mìíràn tó tó kìlómítà 21 sí oko náà. (Ti àgbàdo TELA, tí òun náà jẹ́ GMO, yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Àgbàdo kò ní ìbátan inú igbó níbí. Mẹ́síkò ni tirẹ̀ wà.)

Ìwọ̀nba lóko kan, lọ́dún kan, á di púpọ̀ bí oko bá pọ̀ tí ọdún sì ń gorí ọdún. Èmi ò lè bá ẹni tó bá sọ pé àbùdá ẹ̀wà GMO kò lè kọjá sára ẹ̀wà igbó láé dúró. Ohun tó yẹ ká máa bi ara wa ni iṣẹ́ tó máa ṣe tó bá dé ara ẹ̀wà igbó. Ìyẹn wà lọ́wọ́ bóyá Maruca ni kò jẹ́ kí ẹ̀wà igbó pọ̀ jù. Ní 2003, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí sunflower inú igbó tí irú apilẹ̀ àbùdá tó ń pa kòkòrò ti wọ̀ lára. Ní Nebraska, hóró rẹ̀ fi ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ní Colorado, àlékún náà kò tó nǹkan. Àbùdá kan náà ni, ilẹ̀ ló yàtọ̀. Ní tiwa, màlúù ń jẹ ẹ̀wà igbó, iná ìgbẹ́ ń jó o, ọ̀dá ń pa á, torí náà èmi ò rò pé ó máa torí èyí di igbó tí apá ò ká.

Ibòmíì ni ọkàn mi wà. Àwọn Maruca tó ń jẹ ẹ̀wà igbó láìkú ló ń gun àwọn ìwọ̀nba tó bá yè nínú oko GMO, tí agbára àtikojú májèlé náà kì í fi tètè tàn ká láàárín wọn. Bí ẹ̀wà igbó náà bá wá ń pa wọ́n, ibi ìsádi yẹn ti ń dín kù. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àgbẹ̀ tó ń gbin SAMPEA 20-T pé kó fà ẹ̀wà igbó ẹ̀gbẹ́ oko rẹ̀ tu kó tó yọ òdòdó, ṣùgbọ́n kó fi ti ọ̀nà jíjìn sílẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé pé ọwọ́ èèyàn yá ju oyin lọ. Àgbẹ̀ lè tọ́jú irúgbìn SAMPEA 20-T fún ọdún tó ń bọ̀, ó lè bù fún àna rẹ̀, ó lè kó o lọ sọ́jà, àpò á sì jò lẹ́yìn ọkọ̀. Ojú ò lè dá a mọ̀ láàárín ẹ̀wà tó kù. Tí ẹ bá fura sí ẹ̀wà kan létí oko, ẹ lọ ewé rẹ̀ kékeré pẹ̀lú omi díẹ̀ nínú ike tó mọ́, kí ẹ ti bébà àyẹ̀wò Cry1Ab bọ̀ ọ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìlà kan á fara hàn láti fi hàn pé bébà náà ṣiṣẹ́. Bí ìlà kejì bá tẹ̀ lé e, àbùdá náà ti débẹ̀. Ẹ hú u kí èso rẹ̀ tó gbẹ, ẹ má kàn jù ú sẹ́yìn oko, ẹ sun ún, kí ẹ sì padà wá wo ojú ibẹ̀ ní òjò ọdún tó ń bọ̀.