Ẹsẹ̀ tí kì í jẹ́ kí aboyún sùn lóru, kì í ṣe àárẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi gbọ́. Aboyún á ní òun ò rí oorun sùn, pé ẹsẹ̀ òun ò jẹ́ kí òun gbádùn lóru, wọ́n á ní, "Ìrìn tó o rìn lọ́sàn-án ni. Ẹsẹ̀ ló rẹ̀ ẹ́, lọ sinmi." Bẹ́ẹ̀, ìgbà tó bá dùbúlẹ̀ láti sinmi gan-an ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí oyún àbúrò mi wọ oṣù kẹjọ, mo lọ bá a gbé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Yàrá kan náà la jọ ń sùn. Tá a bá ti pa iná, kì í pẹ́ tí màá fi máa gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ó ń fi ra bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì lọ, ra á bọ̀. Á dìde, á bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìwọ bàtà, á máa fi ọwọ́ tọ ògiri rìn lórí táìlì. Ibẹ̀ lara ti máa ń tù ú. Tó bá tún dùbúlẹ̀, kì í pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ń padà dé. Mo bi í pé ṣé ó ń dùn ún ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kò dùn mí. Ó dà bíi pé èèrà ń tò lọ nínú egungun mi. Tí mi ò bá gbé ẹsẹ̀ yìí, mi ò lè fara dà á."

Ẹsẹ̀ tó rẹ̀ máa ń fẹ́ ìjókòó. Pajápajá sì kọ́, torí ti pajápajá, iṣan á ká jọ, á le koko, á sì máa roni. Eléyìí, ìsinmi ló ń mú un wá, ìrìn ló ń lé e lọ, alẹ́ ló sì ń le jù. Thomas Willis, dókítà ará England, ti kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1672. Karl-Axel Ekbom ará Sweden ló wá fún un ní orúkọ "restless legs", ìyẹn ẹsẹ̀ tí kì í sinmi, lọ́dún 1945. Nínú aboyún márùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá ẹnì kan jà, pàápàá ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn oyún.

Ibi tó ká mi lára jù nìyí. Àbúrò mi sọ fún nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì wo káàdì rẹ̀, ó ní, "PCV yín 34 ni, ẹ̀jẹ̀ yín pé." Ọ̀rọ̀ parí. PCV ni àyẹ̀wò tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára, òótọ́ sì ni pé 34 dára fún aboyún. Ṣùgbọ́n PCV kò lè sọ bóyá èròjà irin tí ara tọ́jú pa mọ́ ṣì kù. Ẹ wo ilé tí àpò ìrẹsì ti fẹ́ tán nínú sítọ̀, tí ìyá ilé ṣì ń bu oúnjẹ kún àwo. Ẹni tó bá yọjú wo orí tábìlì á ní kò sí ebi nínú ilé yẹn. Àwo orí tábìlì ni PCV. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní ferritin ló ń yẹ inú àpò wò. Ọmọ inú ń fa èròjà irin lójoojúmọ́, àpò náà á sì ti gbẹ tipẹ́ kí PCV tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ọpọlọ nílò irin yìí kó tó lè ṣe dopamine, tó wà lára ohun tó ń darí bá a ṣe ń gbé ara, ibẹ̀ sì ni àwọn onímọ̀ fura sí jù.

Ferritin tí kò bá tó 30, àpò ti ń gbẹ nìyẹn. Fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dà láàmú báyìí, ọ̀pọ̀ dókítà á fẹ́ kó lo irin bí kò bá tiẹ̀ tó 75. Ẹ bèèrè àyẹ̀wò náà fúnra yín, torí kì í sábà sí lára èyí tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo aboyún. Ẹ má ṣe é lásìkò tí ibà wà lára yín, torí àìsàn a máa gbé iye rẹ̀ sókè, ẹ ó sì rò pé àpò kún. Ẹ má sì fi tíì gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ mì, nítorí tíì kì í jẹ́ kí irin wọlé sára. Omi ọsàn ló dára.

Ti àbúrò mi, 14 ni. Dókítà fi kún oògùn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nígbà tó sì fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ìrìn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti dín kù. Kò tán pátápátá títí ó fi bímọ. Mi ò lè ní irin ló máa wo ti gbogbo èèyàn sàn, torí àwọn kan wà tí irin inú ara wọn pé tí ẹsẹ̀ wọn ò sì gbádùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ.

Ohun tí mo bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ má ra Piriton nítorí àtisùn. Òun àti promethazine tí wọ́n ń lò fún èébì lè mú kí ẹsẹ̀ náà le sí i, metoclopramide, oògùn èébì mìíràn, náà sì rí bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ dókítà ló kọ ọ́ fún yín, ẹ sọ ti ẹsẹ̀ yín fún un kó lè wo òmíràn. Tó bá sì jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tó gbóná, tó ń dunni, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀: ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú rẹ̀. Ẹ lọ sí ọsibítù lóru ọjọ́ yẹn, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò.