Delhi sí Tokyo: ọ̀nà kan náà, wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹni tó bá wo tíkẹ́ẹ̀tì bàálù láti Delhi lọ sí Tokyo, àlọ àti ìpadàbọ̀, lè rò pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ṣe àṣìkọ. Bàálù tó gbéra ní Delhi ní aago 8 alẹ́ a máa balẹ̀ sí Tokyo ní nǹkan bí aago 7 àárọ̀ ọjọ́ kejì. Èyí tó kúrò ní Tokyo ní aago 11 àárọ̀ a sì ti dé Delhi ní nǹkan bí aago 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Lójú aago, wákàtí 11 ni àlọ, 6 ni ìpadàbọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìpadàbọ̀ gan-an ló ń pẹ́ jù.

Aago Tokyo fi wákàtí 3 àtààbọ̀ ṣíwájú ti Delhi. Ẹ yọ ọ́ nínú àlọ, ó ku 7 àtààbọ̀. Ẹ fi kún ìpadàbọ̀, ó di 9 àtààbọ̀.

Nǹkan bí kìlómítà 5,860 ló wà láàárín ìlú méjèèjì. Ẹ ta òwú le lórí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ya àwòrán ayé sí, ẹ ó rí i pé òwú náà yà sí àríwá, ó gba orí Tibet, ó tún gòkè ju Tokyo fúnra rẹ̀ lọ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Àmọ́ bàálù kì í sábà gba ibẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ inú bàálù bá ń jò, awakọ̀ gbọ́dọ̀ sáré sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí mítà 3,000, níbi tí èrò ti lè mí fúnra wọn, torí afẹ́fẹ́ inú ìbomú tó ń já bọ́ lókè orí wọn kì í pẹ́ tán. Ilẹ̀ Tibet fúnra rẹ̀ ga ju mítà 4,000 lọ. Níbo ni wọ́n fẹ́ sọ̀ sí? Wọ́n á kúkú gba ìsàlẹ̀ òkè Himalaya, kọjá lórí Myanmar, wọ Yunnan ní Ṣáínà.

Afẹ́fẹ́ wá ni baba ọ̀rọ̀ náà. Ní òkè níbi tí bàálù ńlá ti ń fò, afẹ́fẹ́ kan ń ṣàn bí odò láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Lókè Japan nígbà òtútù, ó lè sáré ju kìlómítà 300 lọ ní wákàtí kan. Wasaburo Oishi, onímọ̀ ojú ọjọ́ ará Japan, fi bàlúùnù (balloon) tó ń léfòó lọ sókè wọn afẹ́fẹ́ yìí ní àwọn ọdún 1920, ó sì kọ ohun tó rí lédè Esperanto, èdè tí wọ́n dìídì ṣẹ̀dá fún gbogbo ayé, kí gbogbo ayé lè kà á. Ta ló gbọ́ Esperanto? Ní 1944, àwọn awakọ̀ B-29, bàálù ajubọ́ǹbù ti Amẹ́ríkà, fojú ara wọn rí i lókè Japan.

Bàálù tó ń sá kìlómítà 900 ní wákàtí, bí afẹ́fẹ́ 150 bá wà lẹ́yìn rẹ̀, 1,050 ló ń bá lọ lójú ilẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ náà bá kọjú sí i, ó di 750. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn Japan, afẹ́fẹ́ náà á rọ̀, á sì sún sí àríwá, nítorí náà ìyàtọ̀ àlọ àti ìpadàbọ̀ á dín kù.

Wákàtí orí tíkẹ́ẹ̀tì tún ju ti òfuurufú lọ. Láti ìgbà tí bàálù bá ti kúrò níbi tó gúnlẹ̀ sí ni wọ́n ti ń kà á, títí tó fi dúró síbi tí èrò yóò ti sọ̀.