Jiọ́mẹ́tírì ìdíje: ìgbà wo ló yẹ kí irinṣẹ́ ńlá jáde?

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdíje ìṣirò ló ti ń wá inversion (ọ̀nà tó ń yí àwòrán padà, tó lè sọ òbìrí di ìlà tààrà) kiri kí ọwọ́ wọn tó mọ́ igun inú òbìrí. Irinṣẹ́ ńlá dára, àmọ́ orí irinṣẹ́ kékeré ló máa ń dúró lé.

Ẹ wo ìbéèrè kẹrin IMO (ìdíje ìṣirò àgbáyé fún akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdìrì) ọdún 2014, tó wáyé ní Cape Town. ABC jẹ́ onígun mẹ́ta tí igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò tó 90°. P àti Q wà lórí BC: igun PAB dọ́gba pẹ̀lú igun C, igun CAQ dọ́gba pẹ̀lú igun B. Ẹ na AP dé M kí P jẹ́ àárín AM gẹ́lẹ́, kí ẹ ṣe AQ bẹ́ẹ̀ dé N. Ẹ fi hàn pé orí òbìrí tó gba A, B àti C kọjá ni BM àti CN ti pàdé.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì tó o. Onígun mẹ́ta PBA àti QAC jọ ABC ní ìrísí. Nítorí náà, igun BPA àti igun AQC jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú igun A, BP/PA sì jẹ́ AQ/QC. PM = PA, NQ = AQ; ẹ fi wọ́n rọ́pò, BP/PM di NQ/QC. Igun BPM àti NQC, 180° − A ni méjèèjì, nítorí náà BPM jọ NQC. Tí a bá pe ibi ìpàdé ní X, igun XBC àti XCB papọ̀ jẹ́ A, igun BXC wá jẹ́ 180° − A. Òun àti igun A papọ̀ jẹ́ 180°, nítorí náà X wà lórí òbìrí tó gba A, B àti C kọjá. Ó parí. Ibi ìrọ́pò yẹn ló rọrùn láti há sí, torí bí èèyàn bá ti rí àárín ìlà, ó máa ń fẹ́ fa ìlà tuntun tí kò wúlò.

Barycentric náà ṣe é. Nọ́ńbà mẹ́ta la fi ń kọ ibi kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ ìwọ̀n tí A, B àti C ní nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí BC = a, CA = b, AB = c. Nítorí pé BP = c²/a, P jẹ́ (0 : a²−c² : c²), M sì jẹ́ (−a² : 2(a²−c²) : 2c²). Ibi ìpàdé bọ́ sí (−a² : 2b² : 2c²). Tí a bá pe nọ́ńbà mẹ́ta ibì kan ní x, y àti z, ibẹ̀ wà lórí òbìrí ABC tí a²yz + b²zx + c²xy bá jẹ́ òdo. Ibi ìpàdé wa fún wa ní 4a²b²c² − 2a²b²c² − 2a²b²c², òdo.

Ó yá bí àrá. Ṣùgbọ́n níbo la ti rí BP = c²/a? Inú ìjọra PBA àti ABC náà ni. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Barycentric gba ìbéèrè yìí nítorí pé P àti Q wà lórí ẹ̀gbẹ́, BM sì gba B kọjá, CN gba C kọjá. Tí òbìrí bá pọ̀ tí wọn ò gba A, B tàbí C kọjá, ìṣirò á wú títí ìwé á fi tán. Tí òbìrí púpọ̀ bá gba ibì kan ṣoṣo kọjá, ibẹ̀ ni kí ẹ fi inversion sí, wọ́n á di ìlà tààrà.

IMO ń fún yín ní wákàtí 4½ fún ìbéèrè 3 lóòjọ́, máàkì 7 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi kọ́ńpáàsì ya àwòrán ńlá méjì tí ìrísí wọn yàtọ̀, kí ẹ̀gbẹ́ kankan má dọ́gba. Ohun tó bá ṣì jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì ni kí ẹ máa lé. Ẹ fún igun àti ìjọra ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò gígùn, ẹ kọ ìjọra tẹ́ ẹ ti rí sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí rẹ̀. Ìṣirò tó dá dúró ní àárín ọ̀nà kì í sábà mú máàkì wá, àmọ́ “BPM jọ NQC” jẹ́ ìgbésẹ̀ gidi.

Àmì ìyọkúrò tó ṣìnà ló sì ń ba barycentric jẹ́ jù. Ẹ fi a = b = c dán an wò: P gbọ́dọ̀ di C, Q gbọ́dọ̀ di B. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì lọ sórí M.