Lọ́yà ni àbí akọ̀wé fọ́ọ̀mù? Bí ìkọ̀sílẹ̀ tí kò ní ìjà ṣe ń lọ ní California

Iṣẹ́ méjì ló wà nínú ìkọ̀sílẹ̀ tí tọkọtaya ti fẹnu kò lé lórí. Àkọ́kọ́ ni kí èèyàn mọ ohun tó yẹ kó béèrè àti ohun tí kò yẹ kó fi sílẹ̀. Ìkejì ni kí wọ́n kọ àdéhùn náà sórí àwọn fọ́ọ̀mù tí kóòtù ń gbà, kí wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ lásìkò. Lọ́yà lè ṣe méjèèjì. Ẹni tí kì í ṣe lọ́yà, bó ti wù kó mọ fọ́ọ̀mù tó, ìkejì nìkan ni òfin fún un láyè láti ṣe. Owó lọ́yà ju owó tirẹ̀ lọ fíìfíì, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń sáré lọ bá ẹni tí owó rẹ̀ kéré láìtíì bi ara wọn pé èwo gan-an nínú iṣẹ́ méjèèjì ló kù fún àwọn.

California ni àlàyé yìí dá lé, torí pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ló ní òfin ìgbéyàwó tirẹ̀. Iṣẹ́ tí èèyàn lè ṣí ṣọ́ọ̀bù fún ní Los Angeles lè sọ ọ́ di arúfin ní Houston.

Orúkọ ló kọ́kọ́ máa ń da nǹkan rú. A máa ń gbọ́ kí èèyàn sọ pé paralegal, ìyẹn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́yà, ló bá òun ṣe ìwé ìkọ̀sílẹ̀ òun. Láti ọdún 2001, ní California, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe ara rẹ̀ ní paralegal bí kò bá ṣiṣẹ́ lábẹ́ lọ́yà tó ń bójú tó o, tó sì máa dáhùn fún àṣìṣe rẹ̀. Ẹni tó dá dúró, tó ń bá ará ìlú kọ fọ́ọ̀mù kóòtù gbowó, orúkọ mìíràn ni òfin fún un: Legal Document Assistant. Akọ̀wé fọ́ọ̀mù la ó máa pè é níhìn-ín. Ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé káúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn, kó sì ní owó ìdúró 25,000 dọ́là nílẹ̀, èyí tí oníbàárà lè tọ̀ lọ bó bá ṣe é níjàǹbá. Ó gbọ́dọ̀ bá oníbàárà ṣe àdéhùn lórí ìwé kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ìwé náà sì sọ gbangba pé òun kì í ṣe lọ́yà. Oníbàárà tó bá yí ọkàn padà láàárín wákàtí 24 lè fagi lé àdéhùn náà.

Ohun tí akọ̀wé fọ́ọ̀mù kò gbọ́dọ̀ ṣe ló ṣe pàtàkì jù. Kò gbọ́dọ̀ gba oníbàárà nímọ̀ràn lórí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kódà, kò gbọ́dọ̀ sọ fún un pé fọ́ọ̀mù báyìí ló yẹ ẹ́. Oníbàárà ló máa sọ fọ́ọ̀mù tó fẹ́ àti ohun tó fẹ́ kí wọ́n kọ síbẹ̀; iṣẹ́ akọ̀wé ni kó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kó gbé e lọ sí kóòtù, kó sì rí i pé ó dé ọwọ́ ẹnìkejì. Ó lè fún oníbàárà ní ìwé àlàyé tí lọ́yà kọ tàbí tí lọ́yà fọwọ́ sí. Ibẹ̀ ló parí sí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá bá a sọ kò sì ní ààbò tí ọ̀rọ̀ oníbàárà pẹ̀lú lọ́yà ní; kóòtù lè ní kó wá sọ ọ́.

Ọ̀nà tí ìwé ń gbà rìn kò le láti yé. Ọ̀kan nínú tọkọtaya gbọ́dọ̀ ti gbé ní California fún oṣù 6, kó sì ti gbé ní káúńtì tó ti fẹ́ pẹjọ́ fún oṣù 3. Adájọ́ kò ní béèrè ẹni tó ṣẹ̀. Láti ọdún 1970 ni California ti yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bi kúrò nínú ìkọ̀sílẹ̀. Ẹni tó pẹjọ́ á kọ FL-100, ìyẹn ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sí kóòtù, àti FL-110, ìwé ìpè. Bí wọ́n bá ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, FL-105 á bá wọn lọ. Owó ìpẹjọ́ wà láàárín 435 sí 450 dọ́là, ó dá lórí káúńtì. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a lè fi FW-001 bẹ kóòtù pé kí wọ́n má gbà á lọ́wọ́ òun. Àgbàlagbà mìíràn, tí kì í ṣe ẹni tó pẹjọ́ fúnra rẹ̀, ló máa gbé ìwé náà fún ẹnìkejì, ẹnìkejì á sì ní ọjọ́ 30 láti fèsì. Níbi tí kò sí ìjà, ó lè má fèsì rárá, kó kàn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tí wọ́n jọ ṣe níwájú nótárì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, owó ìpẹjọ́ ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n máa san. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í dé iwájú adájọ́. Ìwé ni adájọ́ máa kà, òun náà ló máa fọwọ́ sí.

Láàárín ìwé wọ̀nyí ni ìwé ìjẹ́wọ́ ohun ìní wà, ibẹ̀ ló sì yẹ kí èèyàn ti fara balẹ̀ jù. Ẹni tó bá pẹjọ́ gbọ́dọ̀ to gbogbo ohun tó ní àti gbogbo gbèsè rẹ̀ sórí FL-142, kó kọ owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde sórí FL-150, kó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹnìkejì. Òfin California gbà pé ohun tí tọkọtaya bá fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn ní nígbà ìgbéyàwó jẹ́ ti àwọn méjèèjì lọ́gbọọgba, orúkọ yòówù kó wà lórí rẹ̀, ibi yòówù kó wà. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Oakland, tó ti fi owó iṣẹ́ rẹ̀ ra ilẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí tó ní ilé tí kò tíì parí ní Ìkòròdú, gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀. Kóòtù California kò lè yí orúkọ tó wà lórí ìwé ilẹ̀ ní Nàìjíríà padà, ṣùgbọ́n ó láṣẹ lórí ẹni tó ni ín, ó sì lè fi nǹkan mìíràn dí i fún ẹnìkejì.

Ẹjọ́ kan wà tí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn California dá ní ọdún 2001. Obìnrin kan jẹ lọ́tìrì, ìpín tirẹ̀ sì jẹ́ bíi 1.3 mílíọ̀nù dọ́là. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi pẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀, kò sì kọ owó náà sórí fọ́ọ̀mù kankan. Lẹ́yìn tí ìkọ̀sílẹ̀ ti parí, lẹ́tà kan nípa owó lọ́tìrì náà dé àdírẹ́sì ọkùnrin náà, àṣírí sì tú. Kóòtù gba gbogbo owó náà lọ́wọ́ obìnrin náà, wọ́n fún ọkọ rẹ̀ àtijọ́. Bó bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìdajì ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Akọ̀wé fọ́ọ̀mù kò ní ọ̀nà tó lè fi gba èèyàn lọ́wọ́ irú èyí. Bí oníbàárà bá ní kò sí, “kò sí” ló máa tẹ̀.

Àwọn ìbéèrè mìíràn wà tí kò sí lórí fọ́ọ̀mù rárá. Ẹ jẹ́ ká mú ìgbéyàwó tó ti pé ọdún 9 àti oṣù 2. California kò gbà kí ìkọ̀sílẹ̀ parí kí oṣù 6 tó pé látìgbà tí ìwé ti dé ọwọ́ ẹnìkejì, nítorí náà, ó lè parí ní ọdún 9 àti oṣù 8. Nígbà tó bá yá, ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ pé ọdún 10 kó tó tú ká lè gba owó Social Security, ìyẹn owó tí ìjọba Amẹ́ríkà ń san fún àgbàlagbà, lórí orúkọ ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ àtijọ́, bó bá ti pé ọdún 62 tí kò sì tíì fẹ́ ẹlòmíràn, láìmú nǹkan kúrò nínú tẹnìkejì. Sùúrù oṣù mẹ́rin ló wà láàárín ẹ̀tọ́ yìí àti àìní i. Ìyá tó fi ọdún rẹ̀ tọ́mọ nílé, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ olówó oṣù, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, òun náà ló sì sábà máa ń sọ pé òun ò ní owó lọ́yà. Akọ̀wé tó mọ èyí dájú kò lè la ẹnu sọ fún un, torí ìmọ̀ràn lórí ẹ̀tọ́ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ìfẹ̀yìntì. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìyàwó máa gba ìdajì 401(k) ọkọ kò tó. Ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà kò ní san kọ́bọ̀ láìsí àṣẹ kóòtù mìíràn tí wọ́n ń pè ní QDRO, iṣẹ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n dunjú sì nìyẹn. Gbèsè ńkọ́? Adájọ́ lè sọ pé ọkọ ni kó san gbèsè ilé, ṣùgbọ́n báńkì kò sí nínú ẹjọ́ náà. Bí orúkọ ìyàwó bá ṣì wà lórí gbèsè, tí ọkọ kò san, ìyàwó ni báńkì máa wá. Ní ti ẹni tó ti ipasẹ̀ ìgbéyàwó gba green card ọdún méjì, ìkọ̀sílẹ̀ máa yí bó ṣe máa yọ àmì májẹ̀mú kúrò lórí káàdì náà padà. Ẹni tó sì tọwọ́ bọ I-864, ìyẹn ìwé tó fi ṣèlérí fún ìjọba pé òun á máa gbọ́ bùkátà ẹnìkejì, yóò rí i pé ìkọ̀sílẹ̀ kò pa ìlérí yẹn rẹ́.

Ìbẹ̀rù náà wà. Bí ọ̀kan bá ń bẹ̀rù ọwọ́ ẹnìkejì, “bẹ́ẹ̀ ni” tó bá sọ kì í ṣe àdéhùn. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ wá lọ́yà tàbí ibi ìrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́ ní kóòtù kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ta wá ni akọ̀wé fọ́ọ̀mù tó fún? Ó tó fún àwọn tí ìgbéyàwó wọn kò pẹ́, tí wọn kò bímọ, tí wọn kò ní ilé, tí oníkálukú ń gba owó oṣù tirẹ̀, tí wọ́n sì mọ gbèsè tí wọ́n jẹ. Kódà, bí ìgbéyàwó kò bá ju ọdún 5 lọ, tí ohun ìní àti gbèsè sì kéré, California ní ọ̀nà àbùjá kan tí tọkọtaya jọ ń fi FL-800 bẹ̀rẹ̀. Irú wọn kò ní ìbéèrè tó kù; ìwé nìkan ló kù. Sísan ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là fún lọ́yà nítorí èyí kò nídìí.

Fún àwọn tó wà láàárín, ọ̀nà kẹta wà tí àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Òfin gba lọ́yà láyè láti gba apá kan iṣẹ́ ṣe. Èèyàn lè sanwó wákàtí kan tàbí méjì kí lọ́yà ka àdéhùn náà, kó sọ ibi tó ti lè jò, kí akọ̀wé sì tẹ ìyókù. Ìwé àdéhùn ló gbọ́dọ̀ sọ ibi tí iṣẹ́ lọ́yà náà dé. Kóòtù káúńtì gbogbo, gbogbo 58 wọn, tún ní ibi ìrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé fọ́ọ̀mù fún ọkọ àti ìyàwó bákan náà. Wọn kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ohun kan tó sì máa ń dun èèyàn ni gbólóhùn náà, “lọ́yà wa.” Lọ́yà tí ọkọ gbà, ti ọkọ ni, bó ti wù kí ara rẹ̀ yọ̀ mọ́ ìyàwó tó. Ó yẹ kí ẹnìkejì wá ẹlòmíràn ka ìwé náà fún òun kó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ní Texas, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí ní Houston, òfin ka kíkọ ìwé ẹjọ́ fún ẹlòmíràn sí iṣẹ́ lọ́yà, nítorí náà, ọwọ́ lọ́yà gbọ́dọ̀ wà lórí iṣẹ́ paralegal. Ní Arizona, láti ọdún 2021, àwọn kan tí kì í ṣe lọ́yà ti ń gba ìwé àṣẹ tó jẹ́ kí wọ́n lè gbani nímọ̀ràn nínú ọ̀rọ̀ ìdílé, kí wọ́n sì báni dé iwájú adájọ́. Utah ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. Oregon àti Colorado tẹ̀ lé e ní 2024. Ìbéèrè kan náà ló yẹ kí èèyàn bi ẹni tó fẹ́ gbà síṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ èyíkéyìí: ìwé àṣẹ wo lo ní, kí ló sì fún ọ láyè láti sọ fún mi?

Níkẹyìn, kóòtù á fi FL-190 ránṣẹ́ sí tọkọtaya. Ọjọ́ tí ìgbéyàwó parí wà lórí rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ tó ṣì wà níwájú, bí oṣù 6 kò bá tíì pé. Ẹni tó bá fẹ́ ẹlòmíràn kí ọjọ́ yẹn tó kò, ìgbéyàwó tuntun náà kò dúró lábẹ́ òfin.