Kí ló so inú tó ń dààmú èèyàn pọ̀ mọ́ orí tó ń fọ́? Ọ̀rọ̀ IBS àti migraine

Ẹ bi ẹni tó ní migraine, ìyẹn àìsàn tó máa ń fa orí fífọ́ líle léraléra, léèrè nípa inú ẹ̀, ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tó ní àìsàn ìfun tí wọ́n ń pè ní IBS náà, tínú ẹ̀ ń wú, tó ń run ún, tó ń yàgbẹ́ gbuuru lónìí tí ò wá rí ìgbẹ́ yà lọ́la, orí ò sábà fi irú wọn sílẹ̀. Àìsàn méjèèjì wọ́pọ̀ lára ẹnì kan náà gan-an, obìnrin ló sì ń ní wọn jù.

Téèyàn bá lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, wọ́n á ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n á ki kámẹ́rà bọ ìfun, wọn ò ní rí egbò, wọn ò ní rí kókó kankan, ibẹ̀ làwọn kan ti máa ń sọ pé ìrònú ni, pé aláìsàn ló ń fi nǹkan sọ́kàn. Irú ọ̀rọ̀ yẹn ò dáa rárá. Ìrora yẹn wà lóòótọ́, bí ikùn àti ọpọlọ ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ ló dàrú.

Ìfun ní iṣan ìmọ̀lára tiẹ̀ lọ́tọ̀, sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ ju 100 mílíọ̀nù lọ, òun ni wọ́n ṣe ń pè é ní ọpọlọ kejì. Òun àtọpọlọ tó wà lórí jọ ń sọ̀rọ̀ tọ̀sán tòru, iṣan ńlá kan tó ń jẹ́ vagus ló sì ń gbé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, èyí tó ń ti ikùn gòkè wá tiẹ̀ pọ̀ gan-an ju èyí tórí ń rán sísàlẹ̀ lọ.

Serotonin, kẹ́míkà tí iṣan ìmọ̀lára fi ń ránṣẹ́, wà láàárín wọn. Nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 rẹ̀, inú ìfun lara ti ń ṣe é, òun ló ń jẹ́ kí ìfun máa ti oúnjẹ lọ. Ti inú ìfun ò lè wọnú ọpọlọ o, àmọ́ ó lè ta vagus jí, vagus á wá gbé ìròyìn lọ sókè. Ọpọlọ náà ń ṣe tiẹ̀, òun náà sì lọ́wọ́ sí ìrora orí, ibi tí serotonin ń dì mọ́ gan-an loògùn migraine tí wọ́n ń pè ní triptan ń lọ dì mọ́.

Tí iṣan ìmọ̀lára bá ti wá ń gbọ́ ìrora léraléra, ara ẹ̀ á di ẹlẹgẹ́, á dà bí ajá tó ń gbó torí ewé tó já. Gáàsì tẹ́lòmíì ò ní mọ̀ pó wà nínú òun, á di ìrora níkùn ẹni tó ní IBS, iná tí gbogbo èèyàn ń wò, á máa gún ojú ẹni tí migraine mú. Nǹkan kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì.

Ìyà wọn tún ń kan ara wọn. Tí migraine bá dé, ikùn máa ń lọ́ra, oògùn téèyàn gbé mì á kàn jókòó síbẹ̀, ìdí nìyí tó fi yẹ kéèyàn tètè lò ó kí orí tó le. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé oúnjẹ á da inú òun rú náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fo oúnjẹ, ebi yẹn á sì tún fa migraine. Àwọn ọmọdé kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé inú ló ń run wọ́n, ní agbègbè ìdodo, orí ò fọ́ wọn rárá, migraine sì ni, tí wọ́n bá dàgbà lorí wá ń fọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ oògùn ló yẹ ká fara balẹ̀ lé lórí. Ibuprofen lè ta ikùn, codeine máa ń dí ìgbẹ́, erenumab tí wọ́n ń gún láti dènà migraine náà lè dí i. Amitriptyline díẹ̀ lálaalẹ́ lè ran orí àti inú lọ́wọ́ pa pọ̀, àmọ́ ó ń mú ìfun lọ́ra, ó bá ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru lára mu ju ẹni tí ò rígbẹ́ yà lọ. Kéèyàn sọ àìsàn méjèèjì fún dókítà kan náà ló dáa, kó má sọ ti orí níbì kan kó lọ sọ ti inú níbòmíì.

Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, kéèyàn máa rù láìnídìí, ìyẹn kì í ṣe IBS, kó tètè rí dókítà. Orí tó ṣàdédé fọ́ gidigidi lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí tápá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, ọsibítù lójú ẹsẹ̀ ni.